Ta Ló Fún Bàbá Rélùwéè Ní Májèlé?

Ife tíì náà wà lórí tábìlì àgọ́ ọlọ́pàá, nínú àpò ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu pinpin, obìnrin tó gbé e wá sì dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Bàtà gogoro pupa ló wọ̀. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún, ṣùgbọ́n ó ti sunkún tán. Ìbínú ló kù.

"Májèlé ló wà nínú ẹ̀," ó ní. "Ìyàwó bàbá mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ po ó. Bàbá mi ò tíì mu ún dé ìdajì tí wọ́n fi ṣubú lulẹ̀ gbalaja níwájú àlejò. Mo fẹ́ kí ẹ lọ mú obìnrin yẹn kó tó sá lọ."

Ìńsípẹ́kítọ̀ fa àga kan sún mọ́ ọn.

"Ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ́ n bèèrè."

Gbólóhùn yìí làwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ. Obìnrin kúkúrú, tó sanra díẹ̀, ni Ìńsípẹ́kítọ̀ Ẹ-Jẹ́-N-Bèèrè. Ó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó yẹ kó bínú, ẹ̀pà sísun kì í sì í wọ́n nínú àpò kóòtù rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ìyá kan tó ṣìnà wọ àgọ́ ọlọ́pàá ni. Àwọn tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó lè máa bi ògiri ní ìbéèrè títí ògiri á fi jẹ́wọ́.

Obìnrin náà jókòó, ó ṣàlàyé. Ilé ìtajà bàtà ló ní láàárín ìlú. Òun ni àkọ́bí bàbá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti fọ́n ká. Ọkọ̀ ojú irin ni bàbá náà ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Bàbá Rélùwéè. Ìyá wọn ti kú tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, bàbá dìde lọ́jọ́ kan, kò sọ fún ọmọ, kò sọ fún ìyekan, ó lọ fẹ́ obìnrin kan tó ń ta òdòdó.

"Lọ́jọ́ orí wọn!" ni àkọ́bí wí. "Kí ni wọ́n ṣaláìní? Aṣọ ni, bàtà ni, oògùn ni, rédíò ni, èmi ni mò ń rà á fún wọn. Kí ni wọ́n ń fi ìyàwó ṣe?"

Ìńsípẹ́kítọ̀ wúkọ́ díẹ̀ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ sọ bó ṣe ṣubú fún mi."

"Ọjọ́ ìbí wọn la ń ṣe lánàá, lọ́sàn-án. Wọ́n ní ìka àwọn ń ro àwọn tìn-tìn-tìn, pé ẹnu àwọn ń kú tipiri. Mo rò pé àwàdà ni, ẹ ò mọ bàbá mi. Àfi bí wọ́n ṣe gan pa. Gbogbo ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú wọn yí sókè. Mo rò pé ó ti parí." Ohùn rẹ̀ já. "Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà báyìí. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ara wọn ò tíì balẹ̀."

"Ta ló tún mu tíì yẹn?"

"Gbogbo wa."

"Kẹ́tùlù kan náà?"

"Kẹ́tùlù kan náà ni. Àmọ́ ife ọ̀tọ̀ ni ti bàbá mi."

"Ó dáa," ni Ìńsípẹ́kítọ̀ wí. Ó ní kí wọ́n gbé ife náà lọ fún àwọn tó ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ sì mú kóòtù, ó di ilé Bàbá Rélùwéè.

*

Òkè pátápátá ni wọ́n ń gbé nínú ilé alájà mẹ́ta kan. Kí Ìńsípẹ́kítọ̀ tó gun àtẹ̀gùn náà tán, ó ti ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ìyàwó ilé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ ewé ló wà lọ́rùn rẹ̀, erùpẹ̀ òdòdó ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, lójú ọ̀nà gan-an, àpótí ìrìn-àjò kan wà nílẹ̀, ó ti di í tán.

"Ẹ kú ilé o," ni Ìńsípẹ́kítọ̀ wí, ojú rẹ̀ wà lára àpótí. "Àbí kí n kí yín pé ẹ kú ìrìn àjò?"

"Ilé ìwòsàn ni mò ń lọ." Olódòdó rí ibi tí ojú àlejò rẹ̀ wà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí àpótí náà sílẹ̀ gbayawu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ ìsùn ọkùnrin ló wà níbẹ̀, àti aṣọ ìnura, kóòmù, sálúbàtà, pẹ̀lú rédíò kékeré kan tó fi ṣẹ́ẹ̀tì wé kó má baà fọ́. "Kì í lè sùn láìgbọ́ ìròyìn. Ó ní tóun ò bá gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé, ó ń ṣe òun bíi pé ayé ń ṣe ìpàdé láìpe òun."

Ìńsípẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó yẹ ilé ìdáná wò dáadáa, kọ́bọ́ọ̀dù kan tẹ̀ lé òmíràn. Lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó fa ìgò kan jáde, wọ́n ya agbárí òkú sára rẹ̀.

Ojú Olódòdó yí padà. "Oògùn kòkòrò ni. Fún àwọn òdòdó mi ni. Mo mọ bó ṣe máa rí lójú yín."

Ìńsípẹ́kítọ̀ gbé ìgò náà sún mọ́ fèrèsé. Ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi di ìdérí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ pinpin, eruku sì ti bò ó. Ó dá a padà sípò rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n bèèrè. Báwo lẹ̀yin àti Bàbá ṣe pàdé?"

Ó jọ pé obìnrin náà ò retí ìbéèrè yìí. Ó jókòó sórí àpótí ìrìn-àjò náà, ẹ̀rín músẹ́ kan sì yọ lójú rẹ̀ láàárín ìbànújẹ́.

"Ó máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ń wo òdòdó, ó bá ṣẹ́jú sí mi. Báyìí. Mo ní, háà, àgbàlagbà yìí yájú o! Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kẹta, èmi náà wọ aṣọ tó dáa."

"Ojú wo ló ń ṣẹ́?"

"Ẹ̀n?"

"Tọ̀tún àbí tòsì?"

Olódòdó ronú. "Tòsì. Àbí ẹ ò rí nǹkan, tòsì nìkan ni."

"Ṣé ó ṣì ń ṣẹ́jú sí yín?"

"Títí di àná!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omijé sì tẹ̀ lé e. "Ọkọ mi yìí, kódà tó bá sùn, ó ń ṣẹ́jú sí mi."

Ẹ̀pà tí Ìńsípẹ́kítọ̀ ń jẹ dúró lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ rí yàrá tí bàbá ń sùn sí.

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀dì, àga kan, àwòrán ọkọ̀ ojú irin lára ògiri. Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìyàlẹ́nu wà: páálí oògùn kéékèèké, funfun pẹ̀lú ìlà búlúù, wọ́n tò lórí ara wọn débi pé dúrọ́ọ̀ náà kò fẹ́ ṣí. Díẹ̀ ti tán nínú wọn, ọ̀pọ̀ ò tíì ṣí.

"Dókítà bi yín bóyá ó ń lo oògùn kan?"

"Ó bi wá. Èmi àti ọmọ rẹ̀ la jọ fèsì pé kò lo nǹkan kan." Olódòdó yọjú wo dúrọ́ọ̀. "Àbí ìyẹn lẹ ń wò? Ìyẹn kì í ṣe oògùn àìsàn, Màdáàmù. Ti àyà títa ni. Ó ti ń lò ó kí n tó mọ̀ ọ́n. Bíi súwítì ló ṣe rí lẹ́nu rẹ̀."

Ìńsípẹ́kítọ̀ fi páálí kan sínú àpò kóòtù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀pà.

*

Àbúrò Bàbá Rélùwéè ń gbé nísàlẹ̀ ilé náà. Ó ti pín lẹ́tà kárí ìlú kó tó fẹ̀yìn tì, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ni Bàbá Lẹ́tà. Awọ rẹ̀ ń dán, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ìrìn rẹ̀ sì yá bíi ti ẹni tí kò mọ ibi tí oògùn gbé ń wà.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi?" ó kígbe. "Kó fún un ní májèlé kẹ̀? Obìnrin tó ń bá òdòdó sọ̀rọ̀ láràárọ̀, tó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde? Ẹ wá ibòmíràn wò o."

"Ẹ jẹ́ n bèèrè nígbà náà. Kó tó di àná, ṣé ara Bàbá le?"

"Ara rẹ̀ le, àyàfi ti pajápajá." Bàbá Lẹ́tà na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jáde láti fi hàn án. "Láàárọ̀ kùtù, ẹ ó kàn gbọ́ 'Yéè!' Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á dì bí òkúta, á máa jó kiri yàrá lórí ẹsẹ̀ kan. Ó sì máa ń tètè rẹ̀ ẹ́. Mo ní ọjọ́ ogbó ni. Ó bínú sí mi."

"Àtìgbà wo?"

"Nígbà tí èmi àti ẹ̀ ṣì jọ ń gbé lókè, tí ìyàwó ò tíì dé. Nígbà tó gbéyàwó, tí èmi bọ́ sísàlẹ̀ níbí, ni mo tó mọ adùn oorun."

"Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun dáadáa?"

Bàbá Lẹ́tà wo ìlẹ̀kùn. Ó wo fèrèsé. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màdáàmù, ṣé tí mo bá jẹ́wọ́, ẹ ò ní tì mí mọ́lé?"

"Ó dá lórí ohun tí ẹ bá jẹ́wọ́."

"Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń sè, èmi ni mò ń jẹ ẹ́." Ó tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó sọ ẹrù wúwo kalẹ̀. "Eyín àtọwọ́dá tuntun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kó gbádùn ẹ̀fọ́, ó ní ó ń há sí i. Kò sì fẹ́ kí ìyàwó mọ̀, kó má baà dùn ún. Tí obìnrin náà bá ti wọlé lọ, ẹ̀gbọ́n mi á fi okùn sọ abọ́ sílẹ̀ láti òkè. Èmi á gbà á lójú fèrèsé. Òun á wá máa rọ́jú jẹ búrẹ́dì funfun pẹ̀lú tíì."

Ìńsípẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ògiri mú. "Bàbá Lẹ́tà, ẹ wò bí ẹ ṣe ń dán. Ó hàn gbangba pé ẹ jẹ̀bi."

*

Ní ilé ìwòsàn, Bàbá Rélùwéè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà omi ìwòsàn wà ní apá rẹ̀ kan, ojú òsì rẹ̀ sì ń fò pìtì-pìtì. Nọ́ọ̀sì ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń fún atẹ́gùn sínú aṣọ tó wé mọ́ ọn lápá, tí aṣọ náà sì fún un pinpin, Ìńsípẹ́kítọ̀ rí i tí ọwọ́ bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká fúnra rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ tẹ̀, ìka kó jọ ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ.

"Ẹ wò ó," ni bàbá wí, "ọwọ́ mi fẹ́ máa ṣa ọkà jẹ."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó tú aṣọ náà. Dókítà tó dúró nítòsí kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń wo ọwọ́ náà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò tíì jáde. Ó fa Ìńsípẹ́kítọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àwọn èèyàn yín ti fún mi lésì. Tíì àti ṣúgà ló wà nínú ife yẹn, kò sí nǹkan míì. Èmi náà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sí májèlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà mí láàmú. Kálísíọ̀mù ara wọn lọ sílẹ̀, pọtásíọ̀mù náà lọ sílẹ̀. Mo fún wọn ní méjèèjì. Bí mo ṣe ń dà á sí i ló ń jò dànù, kò dúró. Nǹkan kan ló yẹ kó dì í mú, tí kò sí níbẹ̀."

Ìńsípẹ́kítọ̀ ki ọwọ́ sínú àpò, ó yọ páálí ìlà búlúù náà. Ẹ̀pà mélòó kan bá a jáde, wọ́n fọ́n sílẹ̀.

"Dókítà, ẹ jẹ́ n bèèrè. Tí èèyàn bá ń lo èyí lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ńkọ́?"

Dókítà gba páálí náà. Ojú rẹ̀ là.

"Wọ́n ní kò lo oògùn kankan!"

"Wọn ò parọ́. Wọn ò ka ìyẹn kún oògùn ni."

"Maginísíọ̀mù," ni dókítà wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rántí orúkọ ọ̀rẹ́ àtijọ́. "Ọwọ́ yẹn ti mú mi fura, àmọ́ n kò rí ohun tó lè fà á. Kò sí lára àwọn ohun tí a kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀." Ó ti ń pe nọ́ọ̀sì padà kó wá gba ẹ̀jẹ̀ míì. "Màdáàmù, ẹ fún mi dọ̀la."

*

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn pé sínú yàrá náà. Bàbá Lẹ́tà wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Olódòdó jókòó sápá kan bẹ́ẹ̀dì, àkọ́bí dúró sápá kejì, báàgì rẹ̀ gbẹ̀ǹgbẹ̀ lọ́wọ́. Wọn ò wojú ara wọn. Omi tuntun ń kán sínú apá bàbá, ojú rẹ̀ sì ti mọ́ ju tàná lọ.

"Ìńsípẹ́kítọ̀," ni àkọ́bí wí, "ẹ ní kí n wá. Ṣé ẹ ti fẹ́ mú un ni?"

"Ọwọ́ mi ti tẹ ọ̀daràn," ni Ìńsípẹ́kítọ̀ dá a lóhùn. "Inú yàrá yìí ló wà."

Olódòdó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Bàbá Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Ẹ jẹ́ n bèèrè kan ná lọ́wọ́ Bàbá. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí ìyàwó yín ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ló dé tí ẹ ṣẹ́jú sí i?"

Bàbá Rélùwéè wò ó tìyanu-tìyanu. "Èmi? N kò ṣẹ́jú sí obìnrin kankan rí láyé mi."

"Kí lẹ wí?" ni ìyàwó kígbe.

"Òdòdó ni mò ń wò jẹ́jẹ́ mi! Mo gbójú sókè, mo rí i tí o ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní, ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà bá rẹ́rìn-ín padà."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣẹ́jú!"

"Ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín!"

Bàbá Lẹ́tà ti ń fi ọwọ́ lu itan fún ẹ̀rín. Ìńsípẹ́kítọ̀ gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́.

"Ibẹ̀ ni mo ti mú ọ̀rọ̀ yìí," ó ní. "Ẹni tó bá ń ṣẹ́jú lójú oorun, kì í ṣe obìnrin ló ń ṣẹ́ ẹ sí. Iṣan ìpéǹpéjú rẹ̀ ló ń fò fúnra rẹ̀. Ó sì ti ń fò kí ìyàwó yìí tó wọlé. Pajápajá ẹsẹ̀, ó ti wà kí ìyàwó tó dé. Kí tíì ọjọ́ ìbí yẹn tó hó, kí àlejò kankan tó jókòó, ohun tó ń ṣe Bàbá ti ń ṣe é. Báwo ni ẹni tí kò tíì dé inú ilé ṣe máa fún onílé ní májèlé? Bí mo ṣe mọ ìyẹn, mi ò wá ẹni tó fi nǹkan kún ara Bàbá mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ń yọ nǹkan kúrò níbẹ̀."

Ó yíjú sí dókítà, dókítà sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

"Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní maginísíọ̀mù. Inú oúnjẹ la ti ń rí i: ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ọkà tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ kúrò, kóró elégédé. Inú egungun wa ló pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n kò síbi tí kò ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń bá wa sọ oúnjẹ di agbára. Òun ló ń jẹ́ kí ọkàn lù bó ṣe yẹ. Tí iṣan bá fún ara rẹ̀ pọ̀ tán, òun ló ń sọ fún un pé ó tó, sinmi. Tí kò bá tó lára, iṣan ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ojú á máa fò, pajápajá á máa mú ẹsẹ̀, ìka àti ẹnu á máa ro tìn-tìn, á máa rẹ èèyàn, oúnjẹ ò ní wù ú. Tó bá wá lọ sílẹ̀ gan-an, ọkàn lè máa lù gìdìgìdì, ara sì lè gan kó máa gbọ̀n, bó ṣe ṣe Bàbá. Kálísíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù ò sì ní dúró lára títí òun á fi padà wá. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé èyí tó kù lára Bàbá ò tó nǹkan."

"Ta ló ń yọ ọ́ kúrò lára wọn?" ni àkọ́bí bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

Ìńsípẹ́kítọ̀ fara balẹ̀ wò ó. Iṣẹ́ yìí ló fẹ́ràn jù láyé, ṣùgbọ́n ibi tó dé yìí kì í dùn mọ́ ọn nínú. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú báàgì yín?"

"Nǹkan tí mo rà fún bàbá mi ni. Bisikíìtì, aṣọ ìnujú..." Ó ń kó wọn jáde sórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó mú jáde kẹ́yìn ni páálí funfun onílà búlúù, tuntun, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí bí gbogbo ojú ṣe dúró sára wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

"Èyí?" ó ní. "Èyí ni?"

"Ó ń dín omi kíkan inú ikùn kù," ni dókítà wí. "Oògùn gidi ni, ó wúlò. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ kí dókítà máa bójú tó o, kì í jẹ́ kí ikùn àwọn míì lè gba maginísíọ̀mù inú oúnjẹ mọ́. Bàbá sì tún..." Ó wo Bàbá Lẹ́tà. "Oúnjẹ tó yẹ kó fún wọn ní díẹ̀ ń gba ojú fèrèsé lọ."

"Mo ti jẹ́wọ́!" ni Bàbá Lẹ́tà kígbe.

Ṣùgbọ́n àkọ́bí ò gbọ́. Ó ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Ọgbẹ́ inú ni bàbá mi ní nígbà tí màmá mi kú. Dókítà kan ló kọ ọ́ fún wọn, ó ní fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó tán, mo rí i pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, mo bá ń rà á. Ẹ̀rù ń bà mí kí nǹkan má tún ṣe àwọn náà." Omijé ti ń ṣàn lójú rẹ̀. "Èmi ni. Èmi ni mò ń pa bàbá mi, mo wá lọ gbé ife ẹlòmíràn lọ fún ọlọ́pàá."

Olódòdó ló dìde. Ó gba ìdí bẹ́ẹ̀dì yí ká, ó jókòó ti obìnrin náà, ó sì fi aṣọ ìnujú tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nu ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"O fẹ́ kó pẹ́ láyé," ó ní. "Ohun tí èmi náà fẹ́ nìyẹn. Mo se ẹ̀wà títí, n kò mọ̀ pé bàbá ìsàlẹ̀ ni mò ń sè é fún. Ṣé kí ọlọ́pàá mú èmi náà ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àkọ́bí láàárín ẹkún, ó gbá obìnrin náà mọ́ra, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

"Ẹ dákun," ni Bàbá Rélùwéè wí láti orí ìrọ̀rí, "èmi ni mò ń ṣàìsàn o."

Dókítà ní òun á yí oògùn àyà títa náà padà fún un sí irú mìíràn. Ó sì kìlọ̀ fún wọn: ẹni tí wọ́n bá kọ irú oògùn yẹn fún kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì ń fò kò gbọ́dọ̀ sáré lọ ra maginísíọ̀mù gbé mì, pàápàá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò le. Ohun mìíràn lè fa ojú fífò, àti pajápajá. Kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò ni.

"Ẹjọ́ ti parí," ni Ìńsípẹ́kítọ̀ wí. "A ti mú ọ̀daràn, inú páálí ló wà. Bàbá Lẹ́tà nìkan ni n kò tíì mọ ohun tí mo máa ṣe fún."

*

Nígbà tí ara bàbá ti mókun, tí eyín rẹ̀ sì ti gba àtúnṣe, Ìńsípẹ́kítọ̀ bá wọn dé ibùdókọ̀ ojú irin lọ́jọ́ tó kúrò nílé ìwòsàn, tí wọ́n fẹ́ wọkọ̀ padà sílé. Iṣẹ́ kò gbé e débẹ̀. Ó kàn wù ú ni. Oòrùn ọ̀sán ń ràn yanran lórí irin. Awakọ̀ tó wà nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà rí Bàbá Rélùwéè, ó pariwo orúkọ rẹ̀, ó fò sílẹ̀, ó sì fa ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wọlé síwájú, ó ní kò sí ibòmíràn tó máa jókòó sí. Bàbá Lẹ́tà tẹ̀ lé wọn, ó ní òun náà fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń wà á.

Ìńsípẹ́kítọ̀ dúró lórí pèpéle, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó rí àwọn obìnrin méjèèjì lójú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n kọjú síra wọn lórí àga. Àkọ́bí tẹ̀ síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ ìyàwó bàbá rẹ̀ kan sórí itan ara rẹ̀, ó bọ́ bàtà ṣọ́ọ̀bù òdòdó tó ti gbó kúrò, ó sì fi ìka wọn ẹsẹ̀ náà láti gìgísẹ̀ dé ọmọ-ìka, ó ṣe é bí oníṣẹ́ gidi.

"Màmá," ó ní, "ẹsẹ̀ yín yìí tẹ́ẹ́rẹ́ o. Bàtà wo lẹ fẹ́, gogoro àbí pẹlẹbẹ?"

"Èyí tí mo lè fi sáré lé bàbá rẹ kiri," ni Olódòdó dá a lóhùn.

Fèrè ọkọ̀ ojú irin dún látiwájú, lọ́wọ́ Bàbá Rélùwéè, ó gùn, ó lágbára, kò já, títí gbogbo èèyàn tó wà ní ibùdókọ̀ fi yíjú wo ibi tó ti ń wá. Ọkọ̀ náà gbéra.